Lẹ́tà láti Boston: Jíìnì Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Boston, ìpínlẹ̀ Massachusetts,
Oṣù Èrèlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ wa obìnrin ńkọ́, ṣé egungun rẹ̀ kò dùn ún láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́? Bí ẹ bá fẹ́ gbúròó mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òtútù ibí kò tíì dá mi dúbúlẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo wá kọ́ níbí ń fi ọwọ́ ara wọn da kòkòrò HIV pọ̀, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú èèyàn. Ẹ ní kí n fi orúkọ Màámi búra pé n kò sí lára wọn. Mo fẹ́ dá yín lóhùn ní kíkún, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ díẹ̀ a sì máa dẹ́rù bani ju odindi irọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé dípò kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù.

Láràárọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò yọ sí gbangba lórí afárá Longfellow, tó la odò Charles kọjá láti Boston sí ìlú Cambridge. Lóṣù yìí, odò náà ti dì. Ojú omi funfun báláú, àwọn ẹyẹ sì ń rìn lórí rẹ̀ bí adìẹ ṣe ń rìn lójúde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dìde kúrò lórí ìjókòó mi. Bí ọkọ̀ bá ti tún wọ abẹ́ ilẹ̀ lódì kejì, Kendall la dé yẹn. Àdúgbò náà kò fẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n Yunifásítì MIT wà níbẹ̀, Broad Institute wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ oògùn sì tò lọ bí ìsọ̀ aláṣọ ṣe tò ní ọjà Gbági. Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé wọ̀nyí ni mo ti ń wọ ẹ̀wù funfun, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, tí mo sì ń jókòó ti sẹ́ẹ̀lì èèyàn láti àárọ̀ di alẹ́.

Kí n tó sọ ti fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò tí HIV jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a torí rẹ̀ ń lò ó. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àwọn nǹkan tín-ín-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní mitokọ́ńdíríà. Àwọn ni ààrò ilé. Oúnjẹ tí a jẹ àti afẹ́fẹ́ tí a fà símú, ọ̀dọ̀ wọn ni méjèèjì ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ọkàn ti ń rí agbára lù, tí ọpọlọ ti ń rí agbára ronú. Mitokọ́ńdíríà ní DNA tirẹ̀ lọ́tọ̀, òrùka kékeré kan tí lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ 16,569. Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kà á tán ní 1981, nínú láàbù tí Frederick Sanger ti ṣiṣẹ́. Jíìnì 37 ló wà nínú òrùka náà, 13 péré nínú wọn ló sì jẹ́ ti purotéènì.

Òrùka yìí kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Ọwọ́ ìyá la ti ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé nínú agboolé wa, ọ̀tọ̀ ni ọbàkan, ọ̀tọ̀ ni ọmọ ìyá. Ọmọ ìyá tí èmi àti ẹ̀yin jẹ́, ó wà ní kíkọ sínú sẹ́ẹ̀lì wa títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ti Màámi ni, ti ìyá Màámi ni, títí lọ sẹ́yìn dé ibi tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n purotéènì 13 kò lè dá ààrò. Èyí tí mitokọ́ńdíríà ń lò lé ní 1,000, ìwé àwọn tó kù sì wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí DNA tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ń gbé. Ẹ fi í wé ààfin. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń da ọ̀rọ̀ jíìnì kọ sórí RNA, bí akọ̀wé ọba ṣe ń kọ àṣẹ lé ońṣẹ́ lọ́wọ́. Ońṣẹ́ yóò jáde láàfin, wọn yóò fi ohun tó mú wá ṣe purotéènì, purotéènì yóò sì wọ mitokọ́ńdíríà lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá ońṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà, ìwé ààfin kò ya, kò sì jóná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ní dé. Ohun tí à ń pè ní pípa jíìnì lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Andrew Fire ní Baltimore àti Craig Mello ní Worcester, ìlú kan tí kò jìnnà síbí, ló kọ ọ́ jáde ní 1998 bí wọ́n ṣe ń dá ońṣẹ́ dúró. Aràn kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n rí i pé bí RNA bá jẹ́ méjì tó dojú kọra, bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀, sẹ́ẹ̀lì kò ní gbà á bí ońṣẹ́. Yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò mú ẹ̀là kan dání, yóò sì máa fi ẹ̀là náà wá ońṣẹ́ tó bá bá a mu kiri. Èyí tó bá rí, yóò gé e. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ní 2001, Thomas Tuschl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti fi hàn pé ẹ̀là tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 21 tó láti ṣe iṣẹ́ yìí nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn.

Ìṣòro kan ló kù. Ẹ̀là tí a bá kàn dà sínú sẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ tó fi ń tán, bẹ́ẹ̀ àìlera mitokọ́ńdíríà kì í hàn lọ́jọ́ kan. Purotéènì tó ti wà nílẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ lọ. A nílò ẹni tí yóò gbé àṣẹ náà wọ ààfin, tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé, kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè máa ṣe ẹ̀là náà lójoojúmọ́, kí àwọn tó bá bí sì jogún rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ HIV ti wọlé. Kòkòrò burúkú yẹn mọ ọ̀nà ààfin. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú DNA onílé, títí kan DNA sẹ́ẹ̀lì tí kò bímọ mọ́. Ní 1996, ní Salk Institute ní California, Luigi Naldini àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé a lè gba ìmọ̀ ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fi ìwà ìkà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí à ń lò ni òrùka DNA mẹ́ta. Ọ̀kan ru ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, èkejì ru ohun tí a fi ń kọ́ ara fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta ru awọ rẹ̀. Awọ ọ̀hún kì í tún ṣe ti HIV. Ti fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń ṣe màlúù àti ẹṣin ni. A ó da òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì fún wa, a ó sì gba omi rẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Òrùka àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀; méjì tó kù kì í bá a lọ. Fáírọ́ọ̀sì náà dà bí mọ́tò tí epo rẹ̀ tó dé ibi tó ń lọ, tí kò tó bọ̀. Bó bá ti já ẹrù sílẹ̀, ó parí. Kò lè bí òmíràn.

Nítorí náà mo lè fi orúkọ Màámi búra fún yín. Kò sí odindi HIV lórí tábìlì mi, n kò sì rọ ohunkóhun sára ẹnikẹ́ni. Inú àwo pẹlẹbẹ ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ń parí sí. Síbẹ̀ a kì í fi ṣeré. Ohun tó lè wọ DNA sẹ́ẹ̀lì inú àwo lè wọ tèmi náà bí mo bá fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo ti ń ṣe é, gbogbo ohun tó bá kan fáírọ́ọ̀sì náà ni mo sì ń rẹ sínú bílíìṣì kí n tó dà á nù. Ẹ̀rù tó bà yín kò jẹ́ ìwà òmùgọ̀. A ti sọ ọ́ di òfin níbí ni.

Wàyí o, jíìnì wo là ń pa lẹ́nu mọ́? Ní àríwá ibí, ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà, ẹkùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Saguenay–Lac-Saint-Jean. Àìsàn kan ń bá àwọn ọmọ ibẹ̀ wáyé. Ásíìdì á kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn lójijì, a sì máa ba ọpọlọ wọn jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dàgbà. Ẹnì kan nínú èèyàn 23 níbẹ̀ ló ru jíìnì náà láìmọ̀, nǹkan bí ọmọ kan nínú 2,000 ni àìsàn náà sì ń bá wáyé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí AS àti AS ń dá sílẹ̀, n kò ní láti ṣàlàyé fún yín bí òbí méjì tí ara wọn le koko ṣe lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀, Pierre Lavoie, pàdánù ọmọ méjì sọ́wọ́ àìsàn náà. Kẹ̀kẹ́ ló gùn yí ẹkùn náà ká láti fi kó owó ìwádìí jọ.

Ní 2003 ni Vamsi Mootha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí jíìnì tó bàjẹ́ lára àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wáyé ní Kendall yìí. LRPPRC ni wọ́n ń pè é. Ìwé rẹ̀ wà ní ààfin, ṣùgbọ́n inú mitokọ́ńdíríà ni purotéènì rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa tọ́jú àwọn ońṣẹ́ tí òrùka ìyá ń rán níbẹ̀, kí wọ́n má bàa parẹ́ kí wọ́n tó jíṣẹ́. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Ẹ̀là tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í wọ inú mitokọ́ńdíríà. Ọwọ́ wa kò tó jíìnì 37 inú òrùka yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó olùtọ́jú tí ń ti ìta bọ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan níbí fi fáírọ́ọ̀sì bíi tiwa pa LRPPRC lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn, wọ́n sì rí i pé ońṣẹ́ inú òrùka ìyá dín kù. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn ni wọ́n gbé fún mi kí n tún ṣe, kí n fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú ba jíìnì náà jẹ́ pátápátá. Àwọn tó bà á jẹ́ pátápátá lára èkúté rí i pé inú oyún ni ọmọ èkúté ń kú sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Québec kò ṣaláìní purotéènì náà pátápátá. Díẹ̀ ló kù lára wọn, díẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wáyé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́ tí a kò pa á run, sẹ́ẹ̀lì inú àwo á jọ sẹ́ẹ̀lì ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bí a kò rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: a kò lè ya ọpọlọ ọmọ wò, nítorí náà awọ ara là ń lò.

Mo ti kọ́kọ́ fi ìkánjú ba iṣẹ́ náà jẹ́. Oògùn kan wà tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì kò wọ̀, kí èyí tó gba ọ̀rọ̀ wa lè kù nìkan. N kò kọ́kọ́ dán agbára rẹ̀ wò lára sẹ́ẹ̀lì mi, mo kàn bù ú sí i bí mo ṣe kà á nínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹyọ kan láàyè. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò. Obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kò bínú. Ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀, kí n sì pín oògùn náà sí ìwọ̀n mẹ́fà, kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ sọ èyí tó tọ́ fún mi.

Òun náà ló kọ́ mi láti máa ní ẹlẹ́rìí. Àwo kan á gba ọ̀rọ̀ tí kò bá jíìnì kankan mu, kí a lè mọ ohun tí fáírọ́ọ̀sì lásán ń dá sílẹ̀. Àwọn àwo mìíràn á gba ẹ̀là ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún jíìnì kan náà, nítorí ẹ̀là kan lè ṣi ẹni mú. Bí lẹ́tà inú ońṣẹ́ méjì bá jọra, ó lè mú Táíwò dípò Kẹ́hìndé. Bí ẹ̀là mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, a lè máa fetí sí wọn.

Ó tún mú mi lọ sí ìdí fíríìsà ó sì sọ ìtàn ìgò kọ̀ọ̀kan fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ni HeLa. Lára Henrietta Lacks ni wọ́n ti mú un, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí jẹjẹrẹ pa ní Baltimore ní 1951. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú láti ọjọ́ yẹn, ìmọ̀ tí aráyé sì ti rí nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìgò yẹn lé mi lọ́wọ́, mo pe orúkọ rẹ̀ kí n tó ṣí i. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo rí èsì. Omi tí sẹ́ẹ̀lì ń mu pupa bí zobo, a sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi yẹ́lò bí ásíìdì bá pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwo tó gba ọ̀rọ̀ lásán, omi náà ṣì pupa, sẹ́ẹ̀lì sì tò tẹ̀lé ara wọn bí oko ìrẹsì tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ síbì kan. Nínú èyí tí mo pa LRPPRC rẹ̀ lẹ́nu mọ́, sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, ṣùgbọ́n omi ti di yẹ́lò ṣáájú ọjọ́. Ààrò wọn kò jó dáadáa mọ́. Gúlúkóòsì ni wọ́n ń fi tipátipá ṣe agbára láìgba ìdí ààrò kọjá, ásíìdì sì ni ọ̀nà yẹn ń fi sílẹ̀. Ásíìdì yẹn gan-an ló ń kún ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Saguenay. Nínú àwo kẹta, tí mo pa LRPPRC rẹ̀ lẹ́nu mọ́ bákan náà, a ti gba gúlúkóòsì lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì, a fún wọn ní ṣúgà mìíràn, galakitóòsì, tí kò ṣeé fi gbé ẹ̀mí ró láìsí ààrò. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn tí wọ́n ká kò, tí wọ́n léfòó.

Mo gbé ojú kúrò lórí maikirosíkóòpù, mo jókòó jẹ́ẹ́. Jíìnì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lára mi láti inú oyún Màámi, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ìgbà tó dákẹ́ nínú àwo ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Nǹkan tí mo wá kọ́ nílẹ̀ yìí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú nínú lẹ́tà yìí bí ẹ kò bá mú òmíràn.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá irinṣẹ́ yìí lè ṣe nǹkan fún ọmọ wa. N kò ní fi í pa mọ́, n kò sì ní bù mọ́ ọn. Nínú ìlú yìí kan náà, àwọn dókítà ní Boston Children's Hospital ti fi irú fáírọ́ọ̀sì yìí pa jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀, lára àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bíi ti ọmọ wa. Jíìnì yẹn ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ irú èyí tí ọmọ ń lò nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ tí kì í tẹ̀ bí dòjé. Bó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú á padà wá. Ní 2021 ni wọ́n tẹ ìròyìn aláìsàn mẹ́fà jáde, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lára wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì fún àrùn náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn ń lo fáírọ́ọ̀sì láti inú ìdílé tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá lé èyí tó ń lo fáírọ́ọ̀sì náà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé díẹ̀ fún ẹnì kan, wọ́n sì ní láti fi oògùn líle pa sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú mùdùnmúdùn egungun ná.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ta ilẹ̀ Bàbá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun ní ìtọ́jú jíìnì ní ẹ̀yìn ilé kan, ẹ tì í jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa mu omi dáadáa, kí ó máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì pa ọjọ́ dókítà jẹ. Ẹ bi dókítà bóyá hydroxyurea bá a mu. Oògùn yẹn wà nílé, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Èmi náà á padà wá bí mo bá kọ́ṣẹ́ tán. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Ìbàdàn tó ń ka ìmọ̀ yìí nínú ìwé fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọmọ tèmi ń jẹ́ orúkọ wa, ṣùgbọ́n òrùka tó wà lára wọn, ìyá tiwọn ló fún wọn. Èyí tí Màámi fún mi, ara mi ló pin sí. Tiyín ló ń tẹ̀síwájú. Ọmọ wa obìnrin tí ẹ ń fi ọwọ́ wọ́ lẹ́yìn lóru nígbà tí egungun bá ń dùn ún, òun ló ru ti Màámi lọ. Ẹ bá mi sọ fún un.



Èmi ni,
Àbúrò yín, ọmọ ìyá yín.